Màmá Kò Purọ́: Ìtọ̀ Mi Ló Wà Nínú Ife Náà

Yéè, Màmá Akíndélé, kí ló kán yín lójú tó báyìí? Ẹ ò dúró. Ẹ ò jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òtítọ́ ní gbangba kí ẹ tó ṣí lọ. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti sọ lójú yín láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, inú ìwé ìsìnkú yín ni mo ti wá ń sọ ọ́. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, Sìdíkátù ni orúkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ ní ọjà Wuse. Èmi àti Màmá Morádékẹ́ Akíndélé kò bára tan. Mùsùlùmí ni mí, ìyá ìjọ sì ni wọ́n. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, ọwọ́ wọn ni mo sì bí ọmọ mi méjèèjì sí. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn ní kí n kọ díẹ̀ sínú ìwé yìí, wọ́n rò pé n óò kọ ọ́ pé Màmá láàánú, pé wọ́n fẹ́ràn ọmọdé. Màmá láàánú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè kọ ìyẹn.

Ẹlòmíràn ti kọ ọ́ pàápàá. Ẹ ṣí ìwé yìí sẹ́yìn díẹ̀, ẹ óò rí ọ̀rọ̀ Dókítà Àgbà tó jẹ́ ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́. Ó gba ojú ìwé kan gbáko, àwòrán rẹ̀ nínú kóòtù funfun sì wà lókè. Ó ní òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ràn sí ọ̀gá lẹ́nu ni Màmá. Ó ní àwọn jọ ṣe ìwádìí kan tó ṣe àwọn aboyún lóore. Ilé atẹ̀wé ni mo ti ka ibẹ̀, nígbà tí mo mú ọ̀rọ̀ tèmi lọ. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo fà á ya níbẹ̀, mo gba gègé lọ́wọ́ atẹ̀wé, mo sì bẹ̀rẹ̀ èyí tí ẹ ń kà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, ilé ìwòsàn kékeré kan tí n kò ní dárúkọ ni mo ti forúkọ sílẹ̀. Àwọn dókítà kan ń ṣe ìwádìí níbẹ̀ nígbà náà, Dókítà Àgbà sì ni olórí wọn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó pọn dandan kí wọ́n máa yẹ ìtọ̀ aboyún wò ní gbogbo ìgbà tó bá wá, àbí kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan péré lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀, kó parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ o. Ara ìtọ̀ ni wọ́n ti máa ń mọ ẹni tí gìrì aboyún fẹ́ mú, kí gìrì náà tó dé. Màmá ló ń gba ìtọ̀ wa nínú ife oníke, tí wọ́n á ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́. Bí bébà náà bá di àwọ̀ ewé, ewu ń bọ̀. Bí kò bá yí padà, wọ́n á kọ ọ́ sínú káàdì wa pé kò sí nǹkan.

Ìwádìí tó dára ni, bí wọ́n bá ṣe é bí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ló ṣàlàyé fún wa? Dókítà Àgbà fúnra rẹ̀ ló máa ń dúró níwájú wa láàárọ̀, tí á ní ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá yí bébà padà, ilé ìwòsàn ńlá ló ń lọ, wọn óò sì la inú rẹ̀. Màmá a ní kó rọra, kó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Á rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rù ló ń jẹ́ kí obìnrin ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹ̀rù mú wa ṣe. A ń yá ara wa ní ìtọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ilé ni ilé ìyàgbẹ́ wà, ojú ẹnikẹ́ni kò sì tó ibẹ̀. Obìnrin tí bébà tirẹ̀ kì í yí padà ni olóore gbogbo ayé, èmi sì ni olóore náà. Mo ń bù ú fún wọn bí ẹni ń bu iyọ̀ fún ará ilé, inú mi sì ń dùn pé mo wúlò fún ẹgbẹ́ mi.

Ọ̀rẹ́ mi Ladi wà lára wọn. Ọmọ Kafanchan ni, ilé kan náà la jọ ń gbé ní Jahi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀, tí mo bá sun ẹkún nítorí ọkọ mi, òun ló máa ń dá mi lẹ́kun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé sálúbàtà ọkọ rẹ̀ ló ń wọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ yẹn. Ó ní, “Sidi, abeg, give me small. I no want make dem cut me.” Mo bù ú fún un. Ó tún gbà á nígbà mìíràn, mo sì tún bù ú.

Oògùn fítámì ló tú wa fó. Ọkọ mi ra irú èyí tó máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ pọ́n bí omi ọsàn, èmi nìkan ni mo sì ń lò ó. Nígbà tó di ọjọ́ àyẹ̀wò, ife mẹ́rin ló pọ́n bákan náà lórí tábìlì. Màmá, ẹ ò pariwo. Ẹ gbé ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sójú fèrèsé níbi tí oòrùn wà, ẹ wò wọ́n títí, ẹ wá pè mí wọlé. Ẹ ní, “Sìdíkátù, ẹsẹ̀ Ladi ń sọ ọ̀kan, ìtọ̀ rẹ̀ ń sọ òmíràn. Ìtọ̀ ta ni mò ń wò yìí?”

Mo ní tèmi ni. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún yín, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní àwáwí kankan fún ohun tó tẹ̀ lé e.

Ẹ pe àwọn méjì yòókù padà, ẹ tún yẹ ìtọ̀ wọn wò lójú ẹsẹ̀, kò sí nǹkan. Ladi ti lọ sílé. Ẹ fà mí lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì Dókítà Àgbà. Ẹ ní kó da gbogbo èsì ìtọ̀ tí wọ́n ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí nù, torí irọ́ ló kún inú rẹ̀. Ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kó sì fi mọ́tò ránṣẹ́ lọ gbé Ladi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Ó wo òkìtì ìwé tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ìwádìí ti fẹ́ parí, èsì náà sì mọ́ bó ṣe fẹ́ kó mọ́. Ó wá kọjú sí mi. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ẹni tó bá ba ìwádìí ìjọba jẹ́, ọlọ́pàá ni yóò bá a sọ ọ́. Ó ní, “Ìtọ̀ rẹ ni àbí kì í ṣe ìtọ̀ rẹ?”

Mo wolẹ̀. Mo ní n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ yíjú sí mi, Màmá. Dókítà ní ṣé ẹ gbọ́, ó ní kí ẹ lọ sinmi, ó jọ pé ojú yín ti ń ṣe bàìbàì. Káàdì Ladi wà bó ṣe wà: kò sí nǹkan.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Jahi. Ladi ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó rò pé ẹ wá mú òun lọ kí wọ́n la inú òun ni. Ẹ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun yín, ẹ ń fi Hausa tí kò dán mọ́rán bẹ̀ ẹ́, “Sànnu, Ladi, sànnu.” Ẹ wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ tún wá lọ́jọ́ kẹta. Èmi wà nínú yàrá mi, mò ń gbọ́ ohùn yín, n kò sì jáde. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, gìrì mú Ladi ní ibùdókọ̀ Jabi, níbi tó ti fẹ́ wọkọ̀ lọ bá ìyá rẹ̀. Òun àti ọmọ inú rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ.

Mo wá bá yín, mo wólẹ̀, mo ní èmi ni mo pa á. Ẹ gbé mi dìde. N kò lè gbàgbé ohun tí ẹ sọ. Ẹ ní, “Ìwọ yá ọ̀rẹ́ rẹ ní ìtọ̀. Àwa la kọ́ yín ní ìbẹ̀rù. Jókòó, jẹ́ kí n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ.”

Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n tẹ ìwé ìwádìí náà jáde. Ó ní ìtọ̀ àwọn aboyún mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ladi ti wà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìwé tiwọn, ara rẹ̀ le koko. Ìtọ̀ mi ló wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, èmi ọlọ́bọ́tìnnì, àwọn ọ̀mọ̀wé sì jókòó nínú òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ilé ìwòsàn yẹn kò yẹ ìtọ̀ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ mọ́ láti ìgbà náà. Èwo ni oore nínú ìyẹn? Mélòó ni Ladi tó ti gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, kò sí nǹkan?

Màmá kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá títí ó fi sú wọn. Èsì tí àwọn ọ̀gá fún wọn ni pé wọ́n gbé Màmá kúrò lọ́dọ̀ aboyún lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Agbẹ̀bí tó mọ ipò tí ọmọ dì sí nínú tó bá ti gbọ́wọ́ lé e, òun ni wọ́n ní kó máa to fáìlì. Lẹ́yìn Màmá, àwọn ọ̀gá ń pè wọ́n ní òpùrọ́, ibẹ̀ ni Màmá sì ti fẹ̀yìn tì. Èmi tí mo lè fi gbólóhùn kan gbà wọ́n, mo ń ta síìpù ní Wuse, mo panu mọ́.

Ẹ ò káwọ́ gbera, Màmá. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni ẹ ń gbé àga síta lábẹ́ igi furúùtù iwájú ilé yín, tí àwọn aboyún Jahi ń tò síbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ yín mú aṣọ ẹ̀rọ ìfúnpá lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó dì í mọ́ wa lápá. Ẹ ń pe àwọn ọkọ wa náà jókòó, ẹ ní ẹni tó bá wa jẹ adùn, kó wá gbọ́ ìròyìn. Ẹ ò ṣọ́ ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ń ṣàlàyé títí yóò fi yé odindi àwùjọ, ẹ wá ní aboyún tó bá ti mọ ìdí kò ní yá ìtọ̀. Òótọ́ ni. N kò rí ẹni tó yá a níbẹ̀ rí.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ikú yín, ẹ ránṣẹ́ pè mí. Ẹ yọ káàdì Ladi láti inú Bíbélì yín. N kò mọ̀ pé ọwọ́ yín ló wà. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ ò mẹ́nu ba ọjọ́ tí mo purọ́ mọ́ yín rí, àní ẹ gbẹ̀bí mi lẹ́ẹ̀mejì láìwí nǹkan kan. Ẹ na káàdì náà sí mi, ẹ ní, “Èmi ò lè fagi lé e. Ìtọ̀ mi kọ́.”

Dókítà Àgbà, mo mọ̀ pé iwájú ni wọn óò fi yín jókòó sí lónìí. Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan nígbà náà, ẹ gba èsì rẹ̀ báyìí: ìtọ̀ mi ni. Ìtọ̀ mi ni ti Ladi, ìtọ̀ mi ni ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ kà sí aláìléwu. Màmá Akíndélé kò purọ́, ojú wọn kò sì ṣe bàìbàì. Ẹ lọ tún ìwé yín kọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ pe ọlọ́pàá yẹn, ìsọ̀ mi kò fara sin, ẹ béèrè Ìyá Bọ́tìnnì ní Wuse.

Kúnlé, àkọ́bí Màmá, ka ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé yóò ní kí n dín in kù. Ohun tó béèrè ni bóyá káàdì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, kí atẹ̀wé lè ya àwòrán rẹ̀.

Àwòrán náà ló wà nísàlẹ̀ yìí, Màmá. Mo ti fi gègé pupa fagi lé “kò sí nǹkan” yẹn. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ti Sìdíkátù ni, mo sì fọwọ́ sí i. Ẹ bá mi kí Ladi bí ẹ bá rí i, ẹ ní kó má bínú. Ẹ na ẹsẹ̀ yín, agbẹ̀bí rere, kí ẹ sùn re. Ohun tí ẹsẹ̀ Ladi ń sọ náà ni káàdì rẹ̀ ń sọ báyìí.