“Ṣé O Mọ́?”

Àyà mi ṣì máa ń já bí mo bá rántí ohùn rẹ̀: “Ṣé o mọ́?” Òun ni ìyá àgbà tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wa ní Ìdànrè. Gbogbo obìnrin tó bá fẹ́ wọlé ló máa ń bi léèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan oṣù, orí bẹ́ǹṣì ìta ni yóò jókòó sí.

Orí àpáta ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló máa ń sá sùtánà rẹ̀ sí. Á ní ara aṣọ ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ “mọ́” náà: “Èyí tí a fọ̀ tó funfun ló mọ́. Èyí tó kù, àìmọ́ ni. Irọ́, àìmọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ náà, àìmọ́ ni.” Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo purọ́ fún un, mo sì wọlé. Mo rò pé Ọlọ́run máa pa mí.

Lọ́dún tó kọjá, orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo bá òun fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin ń wọlé, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

“Màmá, kí ló dé?”

Ó di ọwọ́ mi mú pinpin. “Ẹ̀jẹ̀ ni, ọmọ mi. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo fọ aṣọ títí, mi ò mọ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo dá takisí dúró. “Màmá, ẹ dìde, ọsibítù là ń lọ.”

Kò dìde. Ó gbójú sókè wò mí bí ọmọdé.

“Ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n wọlé?”