Bàbá Onírùngbọ̀n Òwú

Géèmù tí mo fẹ́ràn jù láyé burẹ́wà. Mi ò ní parọ́. Igi kan ṣoṣo ni ẹni tó ṣe é yà, ó wá ń gbé e kiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọkùnrin tó ń ta ẹja lọ́jà náà ló dé fìlà ọlọ́pàá ní ìkóríta, òun náà ló tún ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ewúrẹ́ ibẹ̀ ń gbó bí ajá. Bí èèyàn bá kú, ara rẹ̀ á lọ, fìlà rẹ̀ á dúró lófuurufú.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títúnṣe ni mò ń ṣe ní Takie, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà kì í ṣe pé mi ò rí géèmù olówó ńlá rí. Mo ti rí èyí tí òógùn ń dán lórí imú àwọn èèyàn inú rẹ̀. Ó dára, àmọ́ ó ti gbéra ga jù, kò fẹ́ kéèyàn rẹ́rìn-ín. Tèmi yìí dà bí eré Kérésìmesì ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìró ìyá mi ni Ọba Hẹ́rọ́dù ró, irùngbọ̀n òwú tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ fún un sì já bọ́ níbi tó ti ń pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn ọmọ. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín títí. Ìrọ̀rí ni ọmọ tí wọ́n pa, síbẹ̀ àwọn ìyá kan sunkún.

Nígbà tí bàbá mi ṣaláìsí, mo lọ mú Màmá láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ máa dá gbé nínú ilé ńlá yẹn. Màmá kò fẹ́. Bí mo bá kí wọn láàárọ̀, èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Ìgbà wo lo ń mú mi lọ sílé mi?" Ọbẹ̀ mi kò níyọ̀, omi Ògbómọ̀ṣọ́ kò jẹ́ kí ọṣẹ hó, àkùkọ àdúgbò kò mọ ìgbà tó yẹ kó kọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Màmá bá mi nídìí géèmù. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹsẹ̀ wọn kò kanlẹ̀! Kí lèyí, iwin ni àbí èèyàn?"

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn látìgbà tí a ti sin bàbá mi. Inú mi dùn débi pé mo gbé páàdì tí wọ́n fi ń ta géèmù lé wọn lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin aládàá kan ni èèyàn máa ń darí nínú géèmù náà. Níparí, bàbá arúgbó kan dúró lórí afárá pẹ̀lú ọ̀pá, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, òwú gbáà. Bàbá yìí ti lù mí pa láìmọye ìgbà, ó ti lu gbogbo ẹni tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pa. Nítorí náà, nígbà tí Màmá sọ pé, "Bí mo bá gba ọ̀dọ̀ bàbá yìí kọjá, o ó mú mi lọ sílé," kíá ni mo dáhùn pé, "Mo gbà, Màámi." Ẹ̀rín ń pa mí nínú. Màmá ti di ará Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn.

Ọmọbìnrin aládàá dé iwájú bàbá. Màmá kò gbé àdá sókè.

"Ẹ ṣá a, Màámi!"

"Kí n ṣá ta? Ṣé o ò rí irun funfun lágbọ̀n rẹ̀ ni?"

"Òwú ni!"

"Ta ló ń fi òwú hàn mí? Àgbà tí wọ́n fi òwú ṣe, àgbà ṣì ni. Èwo ni bọ́tìnì tí wọ́n fi ń kúnlẹ̀?"

Kò sí bọ́tìnì ìkíni. Èyí tí wọ́n fi ń lúgọ sínú igbó ni mo fi hàn wọ́n. Màmá tẹ̀ ẹ́, ọmọbìnrin náà sì fi eékún kanlẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró o, Bàbá," ni Màmá wí.

Bàbá gbé ọ̀pá, ó fẹ́ fi lù ú, ọ̀pá gba òkè orí ọmọbìnrin náà kọjá. Ó tún gbé e, ọ̀pá tún kọjá. Báyìí ló ń na afẹ́fẹ́, tó ń sún síwájú, títí ó fi rìn jìnnà kọjá ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà, ó ré bọ́ sínú odò. Ẹni tó ṣe géèmù kò rò ó rí pé ẹnì kan lè kúnlẹ̀ kí ọ̀tá. Irùngbọ̀n nìkan ló kù lófuurufú.

"Gọ́ọ̀mù wọn kò dáa," ni Màmá wí. Wọ́n dìde, wọ́n lọ di ẹrù wọn.

Ẹyin lohùn, tèmi sì ti já bọ́. Mo mú wọn lọ sílé, inú ń bí mi títí a fi dé Ọ̀yọ́.

Ní báyìí, gbogbo Sátidé ni mò ń gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí Màmá ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá yẹn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìkíni. Wọ́n ti mọ géèmù náà jù mí lọ. Ohun kan ṣáà ń yà mí lẹ́nu. Bí wọ́n bá ti dé orí afárá, wọn kì í kúnlẹ̀ mọ́. Wọ́n á dúró gbagidi, bàbá á lù wọ́n pa, wọ́n á ní ká tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sú mi, oòrùn sì ti ń wọ̀.

"Màámi, ẹ kúkú kúnlẹ̀ kí eré yìí parí."

Màmá kò wojú mi.

"Bó bá ti parí, ṣebí wàá ní o fẹ́ máa lọ."