Àpáta Tí Mo Gbàgbé Lẹ́yìn Ilé Ìyá Akin

Ìyá Akin yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sọ̀rọ̀. Orí tábìlì pálọ̀ rẹ̀ ní Odòde Ìdànrè ni mo gbé e kalẹ̀ sí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò tóbi ju agbọ̀n adìẹ lọ, tí mo fi àpò sìmẹ́ńtì àti páálí mílíìkì kọ́. Akin ọmọ rẹ̀, tó ti Èkó dé, dúró lápá ọ̀tún, èmi dúró lápá òsì, a ń wo ojú ìyá bí ọmọléèwé ṣe ń wo ojú olùdánwò. Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn, ó kan fèrèsé, ó tẹ òrùlé wò bóyá yóò tẹ̀ wọnú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ilé yìí dára. Ilé ta ni?"

Mo ní, "Màmá, ilé tiyín ni."

Ó ní, "Tèmi kọ́. Àpáta ń bẹ lẹ́yìn ilé tèmi."

Ohùn Ìdànrè ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo wa gbọ́ ni n ó fi máa kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀ ná, kí n sọ bí ẹni tó kọ́ṣẹ́ káfíńtà ṣe di ẹni tó ń fi bébà kọ́lé. Bí n kò bá sọ ìyẹn, ẹ kò ní mọ bí ojú ṣe tì mí tó.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti Àkúrẹ́ ń fẹ́ kọ́lé sílé. Wọ́n á mú púláànù wá, bébà ńlá tí wọ́n ká bí ẹní, wọ́n á tẹ́ ẹ síwájú àwọn àgbà ilé. Àwọn àgbà á wò ó, wọ́n á ní ó dára, wọn kò sì ní rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìlà lọ. Ìgbà tí ògiri bá dókè tán ni ariwo ń bẹ̀rẹ̀: "Ilé ìdáná ńkọ́?" Ọ̀gá Délé, tó kọ́ mi ní káfíńtà, ló kọ́kọ́ rò ó pé ká máa ṣe ilé náà ní kékeré kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, láti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti mọ́ ọn lára láti máa rìn láìwọ bàtà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá wo ilé páálí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, á ní, "Ẹ bọ́ bàtà yín, ilé tuntun nìyẹn." Títí dòní n kò mọ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe.

Kò sí ohun tí a ń rà fún iṣẹ́ náà àfi abẹ. Àpò sìmẹ́ńtì ni baba gbogbo rẹ̀: bí o bá gbọn eruku rẹ̀ nù tí o tú u, bébà bíi mẹ́rin ni yóò jáde nínú ẹyọ kan, ó sì le bí awọ. Òun la fi ń bo ògiri. Páálí mílíìkì ni egungun ilé. Ẹyọ ìgbálẹ̀ la fi ń ṣe irin ojú fèrèsé, igi ìṣáná sì ni òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Páànù orí ilé ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Bébà fàdákà inú páálí sìgá ni. Mà á tẹ́ ẹ sórí òòyà onígi, mà á fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wọ àárín eyín òòyà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo bá ṣí i kúrò, páànù ti dé nìyẹn. Nítorí èyí, ẹ̀gbẹ́ àwọn amusìgá ni mo máa ń jókòó sí bí ẹni tó ń retí ogún. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni gọ́ọ̀mù wa, omi ewé dóńgóyárò la sì fi ń pò ó kó lè korò, torí ewúrẹ́ ti jẹ odindi ṣọ́ọ̀ṣì kan mọ́ wa lọ́wọ́ rí, láti pẹpẹ títí dé ilé aago, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ìjọ wá wò ó.

Àwọn ará Odòde sọ mí ní Láńlọ́ọ̀dù Páálí. Wọ́n á rí mi lọ́nà, wọ́n á ní, "Láńlọ́ọ̀dù, ṣé yàrá ṣì ṣófo?" Ilé bíi ogún ló tò sára ògiri mi nígbà náà. Yàrá kan ni èmi fúnra mi ń háyà.

Akin jẹ́ ọmọ tó kàwé, iṣẹ́ ìṣirò ló ń ṣe fún ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó. Ó fẹ́ wó ilé alámọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, kó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sójú rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá kọ̀. Ó ní, "N kò ní wó ilé tí mò ń gbé kí n wá lọ máa gbé inú bébà." Ni Akin bá gbé púláànù tọ̀ mí wá nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún Àjíǹde dé.

Ó ní, "Bùrọ̀dá Fẹ́mi, ẹ bá mi ṣe é kó yé wọn. N ó wá ṣọdún, ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni n ó sì padà. Bí Màmá kò bá gbà títí ìgbà yẹn, Àkúrẹ́ ni n ó kọ́ ọ sí, n ó sì kó wọn lọ síbẹ̀. N kò lè máa sùn l'Ékòó kí n máa ro òjò tó ń jò lé wọn lórí."

Obìnrin tó ti lé láàádọ́rin ọdún, tí kò sùn níbòmíràn rí ju orí òkè níbi tí ìlú wa wà tẹ́lẹ̀, àti oko, àti Odòde lọ. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá kó o lọ Àkúrẹ́, ìjókòó ni yóò máa jókòó títí.

Mo ṣe ilé náà bí bébà ṣe wí. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi wà. Ẹni tó ya púláànù ń gbé Èkó, ilẹ̀ Èkó sì tẹ́ bí àtẹ. Ó ya ilé sí àárín ilẹ̀ pẹrẹsẹ, èmi náà gbé e ka páálí pẹrẹsẹ. Èmi ọmọ Ìdànrè, tí n kò lè rin ogún ìṣísẹ̀ kí n má rí àpáta. Èmi tí mò ń gba ẹ̀yìn ilé Ìyá Akin kọjá lójoojúmọ́, tí mo sì ń kí i lórí àpáta yẹn gan-an níbi tó ti ń sá kòkó.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí pálọ̀.

Akin ní, "Àpáta? Màmá, wọ́n máa fọ́ ìyẹn. Káńtírátọ̀ ti mọ̀ sí i. Dáínámáìtì díẹ̀ ni."

Ìyá rẹ̀ kò wò ó. Èmi ló kọjú sí. "Fẹ́mi, ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Lọ́jọ́ tí a sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, orí rẹ̀ ni mo gbé ẹrù mi lé. Ìyàwó kékeré ni mí, mo pọn ẹ̀gbọ́n eléyìí sẹ́yìn. Kò tíì sí ilé, kò sí ògiri. Àpáta yẹn ló kọ́kọ́ gbà mí lálejò. Kòkó tó rán eléyìí lọ sílé ìwé, ibẹ̀ ló ti gbẹ. Òun ló fẹ́ fọ́."

Akin ní, "Màmá, a ó da kọnkéré tí ẹ ó máa sá kòkó sí."

"Kọnkéré yẹn, ìgbà wo ló mọ̀ mí?"

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo ilé páálí náà bí ẹni tó bo oúnjẹ tí kò jẹ tán. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ máa gbé e lọ."

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde ni. Níta, Akin ní, "Bùrọ̀dá, ó ti parí. Àkúrẹ́ náà ni." Mo bẹ̀ ẹ́ pé Ajé ló dá fún mi, kó jẹ́ kí Ajé dé.

Nígbà tí mo ròyìn fún Ọ̀gá Délé, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. "Fẹ́mi, o ṣe páànù, o ṣe irin fèrèsé, o ṣe ilẹ̀kùn tí èèrà lè kàn. Ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀gá, kò sí nínú púláànù."

"Ojú tìrẹ náà, ṣé kò sí lórí rẹ ni?" Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gbá ilẹ̀ pẹ́pẹ́. "Ibí ni ilé ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ wọn àpáta obìnrin yẹn."

Láàárọ̀ Sátidé mo mú okùn lọ. Ìyá Akin ń gbálẹ̀. Ó ní, "Kí lo tún wá gbé?"

"Àpáta ni, Màmá. Mo fẹ́ wọ̀n ọ́n."

"Ta ló rán ọ?"

"Ìtìjú ni."

Ó wò mí, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó gba ẹnu okùn kejì. Bó ti dàgbà tó yẹn, ó gun àpáta náà bí ẹni tó ń gun bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. "Fà á le. Bí o bá tún jẹ ìdajì rẹ̀, n ó mọ̀." Ó fi ibi tí òjò ń gbà ṣàn hàn mí, ó fi ibi tí oòrùn kọ́kọ́ ń bà láàárọ̀ hàn mí, àti ibì kan tó jin díẹ̀ bí àga, níbi tó máa ń jókòó sí.

Àpò sìmẹ́ńtì ni mo fi ṣe àpáta náà. Mo ti rẹ ẹ́ sómi láti ọjọ́ Ẹtì. Mo gún un nínú odó àtijọ́ kan tí Ìyá Akin yá mi, títí ó fi rí bí iyán olókókó. Aládùúgbò kan ń kọjá, ó ní, "Láńlọ́ọ̀dù, ọbẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́?" Mo fún omi rẹ̀ dànù, mo po sítáàṣì mọ́ ọn, mo fọwọ́ mọ ọ́n, mo fi èédú lílọ̀ pa á láró, mo fi eérú fa ipa òjò sí i lára. Oòrùn Sátidé àti ti Àìkú ló mú un gbẹ.

Ìgbà tí mo wá gbé àpáta àti ilé ka orí pákó kan náà ni wàhálà hàn. Ilé kò gba ibẹ̀ mọ́. Bí mo ti ilé síwájú, ó bọ́ sí títì. Bí mo tì í sẹ́yìn, àpáta wọ yàrá Màmá. Púláànù kì í sì í ṣe tèmi tí n ó fi gé e. Mo pinnu pé n kò ní lẹ ohunkóhun mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé wọn lọ lọ́jọ́ Ajé, ilé lọ́tọ̀, àpáta lọ́tọ̀, abẹ nínú àpò mi.

Ilẹ̀ pálọ̀ ni mo kó wọn sí lọ́tẹ̀ yìí. Báàgì Akin ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó jin bí àga, ó ní, "Òun nìyí." Lẹ́yìn náà ó gbé ilé. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wá fi ìka fa ìlà sí ibi yàrá méjì ẹ̀yìn.

"Fẹ́mi, gé ibí."

Mo wo ojú Akin.

"Akin kọ́ ni mo pè."

Mo gé e. Ó ní kí n gbé yàrá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́. Ilé wá ká yí àpáta bí ìgbà tí ènìyàn fi ìgúnpá gbá ọmọ mọ́ra, ilẹ̀kùn ilé ìdáná sì ṣí sórí àpáta gan-an.

Akin bọ́ bàtà Èkó rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó dorí kodò títí ojú rẹ̀ fi bá ẹnu ọ̀nà ilé náà dọ́gba. Ó ní, "Màmá, èwo ni yàrá tèmi?"

"Èyí tó kọjú sí títì, kí n máa rí ọ bí o bá ń bọ̀."

"Àpáta yìí á gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé."

"Òun ni ẹ̀yìnkùlé."

Akin rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bùrọ̀dá Fẹ́mi, ẹ lẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ gbé e lọ bá ẹni tó ya púláànù." Orí itan mi ni ilé náà wà títí dé Èkó. Awakọ̀ ní ṣé àwọn ayálégbé inú rẹ̀ kò ní sanwó ọkọ̀ ni. Ayàwòrán-ilé náà fọwọ́ kan àpáta, ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi." Mo ní kó má bínú, èmi tí mo mọ̀ ọ́n gan-an kò sọ fún ara mi.

Láti ìgbà náà, n kì í gé páálí kan kí n tó ṣe ilẹ̀ tán, n kì í sì í wọn ilẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ di ẹnu okùn kejì mú. Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, títí ojú mi kò fi rí eyín òòyà mọ́.

Ìyá Akin gbé inú ilé náà títí ó fi relé àgbà. Akin ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ti padà wá sí yàrá tó kọjú sí títì. Níjọ́ kan tí mò ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ó ní, "Láńlọ́ọ̀dù, ẹ yà." Orí àpáta ló wà, kòkó díẹ̀ tó ń sá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gùn ún díẹ̀díẹ̀, mo jókòó síbi tó jin bí àga. Oòrùn ti mú un gbóná. Akin bi mí pé kí ni mò ń rẹ́rìn-ín sí.

Mo ní mò ń fi ìdí wọ̀n ọ́n wò ni, n kò sì ṣì í wọ̀n nígbà náà lọ́hùn-ún.