Èríàlì Tí Ó Kọjú sí Èkó

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ mi di ti Allah, Ọba tí ó jẹ́ kí ìyá mi gba ààwẹ̀ ọdún náà pẹ̀lú wa nínú ilé, tí ó sì fi ilé tí a lè pè ní tiwa jíǹkí wa, bí a kò tilẹ̀ tíì rẹ́ ẹ tán. Alhamdulillahi.

Mowe ni ilé náà wà, ní apá ibi tí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ ti pọ̀ ju ilé tí wọ́n ti kọ́ parí. Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni iná ti ba tẹlifíṣàn wa jẹ́. Ó lọ, ó padà dé pẹ̀lú agbára, ojú tẹlifíṣàn sì dúdú bí ìkòkò. Mo wá gba Ìbàfò lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń ta àlòkù ohun èlò kọ̀ǹpútà, mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ẹnu rẹ̀ kan wọ ihò USB lára láptọ́ọ̀pù mi, ẹnu kejì gba wáyà èríàlì. Tí a bá ti tì í bọ ihò náà, láptọ́ọ̀pù di tẹlifíṣàn nìyẹn, kò sì jẹ dátà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, títí di ìrọ̀lẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọmọbìnrin mi ti lọ kópa nínú ìdíje kíké Al-Kùránì tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ṣe fún àwọn ọmọ iléèwé. Wọ́n ti ká àwòrán wọn sílẹ̀ tipẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n máa gbé e jáde, kí a tó ṣínu, wọn kò sì ní tún un gbé. Màmá mi kò lè bá wọn lọ nígbà ìdíje, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gba ìrìn àjò mọ́.

Nígbà tí Màmá wà lọ́mọdé, wọ́n mú un kúrò ní ilé kéwú kí ó lè máa kiri epo pupa. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n kéwú parí. Nígbà tí ó bí mi, òun fúnra rẹ̀ ló ń fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé kéwú, á sì dúró lẹ́yìn fèrèsé fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó gbé igbá rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ lónìí, ẹ̀yìn fèrèsé yẹn ló ti wá.

Ọmọ mi ní, "Ìyá àgbà, ṣé kí n kúkú ké e fún yín níbí?"

Màmá ní, "Èyí tí o ké nínú ilé, tilé ni. Ìwọ àti àwọn alfa ni mo fẹ́ rí. Mo fẹ́ rí i bí wọ́n ṣe máa jókòó tẹ́tí sí obìnrin."

Bí a ti kírun alásàrì tán, ó wẹ̀, ó wé gèlè, ó jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù bí ẹni tí àlejò ń bọ̀ wá bá.

"Ọkọ mi, ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

Mo ní kí ẹ̀rọ náà wá ìkànnì. Ó rí bọ́ọ̀lù, ó rí fíìmù, ó rí pásítọ̀ kan tí ó ń wàásù. Kò rí tiwa. Mo tún un wá. Mo yọ ẹ̀rọ náà, mo fẹ́ ẹnu rẹ̀, mo tì í padà. Mo jáde lọ mi wáyà, mo wọlé, mo tún jáde. Kò síná, bátìrì láptọ́ọ̀pù sì ń lọ sílẹ̀.

Bàbá kan ni aládùúgbò wa, òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, kì í sì í pa ìsìn òru Redemption Camp jẹ. Ó rí mi lórí òkìtì búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ògiri.

"Alfa, kí lẹ ń wá lókè pẹ̀lú ẹnu ààwẹ̀? Tẹ́ ẹ bá já bọ́, ebi ni wọ́n á dá lẹ́bi o!"

"Bàbá, ìkànnì kan ni kò wọlé."

"Ẹ kọjú rẹ̀ sí Èkó dáadáa. Gbogbo àdúgbò yìí, Èkó la kọjú èríàlì sí."

Òótọ́ ló sọ. Mo wo orí òrùlé gbogbo, kò sí èríàlì kan tí kò kọjú síbẹ̀. Èkó la ti kó wá, Èkó là ń lọ ṣiṣẹ́ láràárọ̀; tí òjò bá ṣú ní Mowe, a ó béèrè bóyá ó ti rọ̀ l'Ékòó. Mo bá tún yí tiwa sí Èkó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwòrán bọ́ọ̀lù mọ́ kedere. Tiwa kò dé.

"Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù!"

Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì tún kọjú sí láptọ́ọ̀pù. Èyí dùn mí ju ìbéèrè rẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi jáde láti ibi tí ó ti ń dín àkàrà, síbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo èríàlì, ó wò mí.

"Bàbá wọn, níbo lẹ rò pé mo gbé ọmọ yín lọ lọ́jọ́ ìdíje?"

"Abẹ́òkúta."

"Ọ̀nà ibo la gbà?"

"Ọ̀fàdà, Òwódé…" Mo bá yí ojú wo apá ọ̀nà Òwódé.

"Ẹ wá ń wá ará Abẹ́òkúta l'Ékòó!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri títí ikọ́ fi gbé e. "Ìyàwó, ẹ̀bi mi ni! Mo gbàgbé pé ìpínlẹ̀ Ògùn ni mò ń gbé."

Táǹkì omi Bàbá ló wá dí ọ̀nà Òwódé. Mo tú irin èríàlì kúrò lára ògiri, mo gun òkìtì búlọ́ọ̀kù náà títí dé òkè, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e ga kọjá táǹkì.

Ọmọ mi kígbe nínú ilé, "Ó ti dé! Dádì, ó ti dé!"

Mo rọra sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀.

"Ó ti já! Ẹ padà síbẹ̀! Ẹ má mira!"

Báyìí ni mo ṣe dúró. Bàbá bẹ̀ mí pé kí n má bínú, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba irin gbígbé mọ́. Ó yí wá sọ́dọ̀ wa, ó di búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ mú kí ó má baà yẹ̀. Láti ojú fèrèsé, mo ń gbọ́ ohùn ọmọ mi tí ó ń kéwú nínú láptọ́ọ̀pù, ohùn Màmá sì ń lé e.

"Wò ó bó ṣe jókòó! Wo alfa onírùngbọ̀n yẹn, ó ń mi orí. Ó ń mi orí sí i!"

Irin náà ti wúwo sí mi lọ́wọ́. Mo yí ẹsẹ̀ padà, mo tún yí i padà. Wọ́n pe ìrun mọ̀ńgàríbì ní mọ́ṣáláṣí òpópónà wa, ọ̀fun mi sì ti gbẹ. Ìyàwó mi gun búlọ́ọ̀kù wá, ó fi èso dàbínù kan sí mi lẹ́nu kí n fi ṣínu.

"Màmá, ṣé kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wàyí?"

"O ò gbọdọ̀!" Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú agbára bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Mo gbọ́ tí ọmọ mi parí rẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì kábárà, "Allahu Akbar!" Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Bátìrì ti kú. Mo sọ irin sílẹ̀, mo wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tí ìpẹtà ti kùn. Màmá ṣì kọjú sí láptọ́ọ̀pù dúdú náà, ó tẹ́wọ́ àdúà.

"Màmá, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Gbogbo wọn pa ẹnu mọ́ fún un." Ó wò mí. "Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní mi ò rí i rárá, kí ó sọ ọ́ fún mi. A kírun, a jókòó ti àkàrà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ọmọ ṣe wọlé kí àwọn alfa.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun rere tí àwọn òbí yín ń retí kọjá lójú wọn. Kí Ó fún apá yín lókun láti gbé e dúró títí wọ́n á fi rí i tán. Àmín.