Òwú Pupa Létí Bébà

Ọjọ́ tí Màámi kúnlẹ̀ kí àwòrán ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde ni, lọ́dún 1985. Tísà ní kí gbogbo iléèwé wa, àgbà àti kékeré, ya ikú àti àtúnwá, kí a má ya ojú ẹnikẹ́ni. Èmi kò gbà. Mo ya ìyá Màámi tó ti kú, tòun ti pélé wọn. Yétúndé, àbúrò mi tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú wọn, kàn kun bébà ní funfun, ó fa ìlà pupa kan sétí rẹ̀. Mo fi ṣẹ̀sín.

Nígbà tí àwọn òbí wá wo àwọn àwòrán wa, Màámi kọjá tèmi bí ẹni kọjá ògiri. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ti Yétúndé.

"Ìyá mi, ẹ káàbọ̀ o! Òwú funfun ló tán, ni mo bá fi pupa rán etí aṣọ ìsìnkú yín. Ta ló sọ fún ọmọ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Màámi."

Màámi ti gbàgbé pé èmi ni mo bá wọn fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Yétúndé ti gbàgbé pé èmi ni mo sọ fún un. Mo lanu, ṣùgbọ́n wọ́n ti dì mọ́ra wọn.

Àwòrán náà wà ní pálọ̀ wa dòní. Òwú ni Màámi ń rí níbẹ̀. Owú lèmi ń rí.