Tépù Aláṣọ

Mo rántí bí òórùn gọ́ọ̀mù tó yọ́ ṣe máa ń kún ṣọ́ọ̀bù kékeré mi ní Ìjẹ̀gùn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù. Wáyà ọ̀kadà ni mo ń tún ṣe, rìwáyà ni wọ́n ń pè wá, iṣẹ́ mi sì dá mi lójú, kí n má parọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Dópẹ̀mú kì í fi tépù onírọ́bà tó ń dán yẹn di wáyà tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá. Tépù aláṣọ ni tiwọn. "Iná ò mojú ẹlẹ́wà," ni wọ́n máa ń wí. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, gọ́ọ̀mù tépù dídán á yọ́, á máa tú díẹ̀díẹ̀, wáyà á wà níhòhò. Tépù aláṣọ ò dára lójú, ṣùgbọ́n ibi tí o bá dì í sí ló máa wà.

Ọlọ́kadà kan wà ládùúgbò wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ sì ti sún mọ́. Bí òjò bá rọ̀, mọ́tò kì í wọ ọ̀nà wa, ọ̀kadà rẹ̀ ló gbójú lé láti gbé ìyàwó rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ló bá gbé ọ̀kadà náà wá kí n tún wáyà rẹ̀ dì. Bó ṣe rí tépù aláṣọ lọ́wọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Rìwáyà, ṣé egbò lo fẹ́ dì ni? Ó ku àdí-àgbọn! Ṣá lo èyí tó ń dán, jàre."

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ń dán yẹn máa yọ́ o."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ọ̀kadà tìẹ dà?"

Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi tí mo rò pé gbogbo Ìjẹ̀gùn ló gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mo mọṣẹ́, inú bí mi.

"Ẹ máa gbé e lọ. Tó bá kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má wá síbí o!"

Ó gbé e lọ. Ẹlòmíràn bá a dì í, ó dán bíi bàtà ọdún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo gbójú sókè. Ọkùnrin náà ni mo rí tó ń ti ọ̀kadà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó kọjú sí òdìkejì. Ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó di ìbàdí mú, ó ń rìn, ó ń dúró. Àwọn ọlọ́kadà tó rí i pé ó ń rọbí ń sáré kọjá ni. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kọ́ ló fẹ́ jìyà ẹnu mi. Mo sáré bọ́ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà síbí."

Kò dúró. "Ṣebí o ní kí n má wá?"

Ìyàwó rẹ̀ ló dá àwa méjèèjì lóhùn: "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ṣé inú ẹrẹ̀ ni kí n bímọ sí nítorí tépù?"

Mo ṣí ìjókòó ọ̀kadà náà. Tépù ti yọ́, wáyà méjì ti kan ara wọn, fíúùsì ti jó. Mo yà wọ́n, mo dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi tépù aláṣọ wé wọn pọ̀, mo fi fíúùsì tuntun sí i. Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì dún, ó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, obìnrin náà ti bí ọmọbìnrin nílé ìwòsàn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ padà wá pé kí n fi tépù aláṣọ di gbogbo ìyókù, mi ò rẹ́rìn-ín.

Ìgándò ni mo wà báyìí, ṣọ́ọ̀bù mi sì ti tóbi. Tépù ṣì dá mi lójú bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé ẹ̀yìn orí ọkùnrin yẹn bó ṣe ń ti ọ̀kadà kọjá. Díẹ̀ ló kù kí n jẹ̀bi lórí ohun tí mo jàre. Nítorí náà, bí oníbàárà bá ní èyí tó ń dán lòun fẹ́, mi ò bá a jà. Mo máa ń gé díẹ̀ lára tépù méjèèjì, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ṣì gbóná, mo sì fa bẹ́ǹṣì fún un. Ká tó kí ara wa tán, ọ̀kan á ti máa ṣàn. Ìgbà yẹn ni mo máa ń bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ká lò?"