Ojú Tí Kì í Ké Àgò

Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu ọmọbìnrin mi: wọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó pè mí láti Ìkòròdú pé ìsinmi ìbímọ òun ti parí, ohun tó sọ ni pé, "Mọ́mì, ẹ wá bá mi wọ́ọ̀ṣì ọmọ." Mo di ẹrù mi ní Ẹ̀pẹ́, mo gba ọ̀nà Agbówà lọ. Bí mo ṣe débẹ̀, ó fi aago kan sí mi lọ́wọ́, ó ní wọ́ọ̀ṣì nìyẹn náà. Bàbá tó ń ṣí géètì fún wọn, wọ́ọ̀ṣìmáànù ni. Tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Ìsọ́ òru tí aládùúgbò wọn ń lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́ọ̀ṣì náà ni. Kódà bí ọlọ́kadà bá fẹ́ kọlù wọ́n, ohun kan náà ni wọ́n máa pariwo.

Mi ò bá a fà á. Ṣùgbọ́n lédè tiwa, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ kì í ṣe ẹni tó ń ṣọ́ olè. Mo rò pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ oṣù mẹ́rin ni. Aago tó fún mi wà fún oúnjẹ ẹ̀: mẹ́jọ, mọ́kànlá, méjì, márùn-ún. Ọmọ márùn-ún ni èmi tọ́ nídìí ẹja yíyan létí ọ̀sà, kò sí aago kankan lọ́wọ́ mi. Bí ọmọ bá ti ń jẹ ìka, mo ti mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ń sùn, mo ń já ẹ̀fọ́, ni ohùn kan jáde láti òkè ògiri. "Mọ́mì, mọ́kànlá ti kọjá. Ẹ jí i."

Mo wo inú yàrá, mi ò rí ẹnì kankan. "Níbo lo wà?"

"Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Ẹ wo òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ògiri. Kámẹ́rà ni. Mò ń rí yín." Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mi ò ní jí ọmọ tó ń sùn."

"Táìmù ti tó, Mọ́mì."

"Táìmù ta ni? Ta ló ń jí ìwọ nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́? O sì sanra débi tí wọ́n fi ń pè ẹ́ ní àpò gàrí."

Ó tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbé ọmọ, ohùn á dún. Bí mo bá gbé e sílẹ̀, ohùn á dún. Mo rò ó fún bàbá géètì. Ó ní, "Tiyín ṣì sàn, Ìyá. Wọ́n gbé tèmi sórí géètì. Mò ń ṣọ́ wọn, ó ń ṣọ́ mi."

Mo gbé e mì. Mo ní ọmọ mi náà ló ń wò mí, inú mi ló ti jáde, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún un? Bí mo bá wẹ ọmọ tán, èmi náà á wẹ̀, màá ró ìró mọ́ àyà, màá jókòó sórí táìlì nítorí ooru, màá fi àdí pa orúnkún mi.

Ní ọjọ́ Àìkú, bí a ṣe ń jẹun, ọkọ ọmọ mi gbé àpótí tuntun kan síwájú mi. Ọmọlúàbí ni, ará Ọ̀ṣun. Pẹ̀lú táì lọ́rùn, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa jókòó sórí èyí. Táìlì yẹn tutù, kò dáa fún orúnkún yín bí ẹ bá ti wẹ̀ tán."

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló sọ fún yín pé mo máa ń jókòó sílẹ̀ bí mo bá wẹ̀ tán?"

Ó wo ojú ìyàwó ẹ̀. Ọmọ mi ló dáhùn. "Kámẹ́rà yẹn wà lórí fóònù tiẹ̀ náà, Mọ́mì. Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé."

Àna mi. Nílé mi ní Ẹ̀pẹ́, ẹni tó gbé ẹja wá fún mi á dúró lójúde, á ké àgò, á dúró kí n tún ìró mi ró, kí n tó ní kó wọlé. Nǹkan tó so mọ́ ògiri yìí kò ké àgò, kò wúkọ́. Mi ò bínú sí ọmọkùnrin náà. Ó ṣeé ṣe kó ti máa gbójú kúrò. Ọmọ tí mo bí ló mọ̀, tó jẹ́ kí n máa jókòó bẹ́ẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. "Ohun tí mò ń gbọ́ nípa àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ló bà mí lẹ́rù."

"Ọmọ ọlọ́mọ?"

"Mi ò ní i lọ́kàn bẹ́ẹ̀, Mọ́mì."

"Bó o ṣe ní i lọ́kàn ló so mọ́ ògiri yẹn."

Mo ní kó gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo bọ́ aago, mo gbé e sórí tábìlì níbi tí kámẹ́rà ti lè rí i. Ọmọbìnrin mi ń sunkún. "Ta ni màá fi ọmọ sílẹ̀ fún?"

"Fi í sílẹ̀ fún kámẹ́rà. Ó mọ táìmù."

Mo padà sí Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi wà nílé, inú ń bí mi, àárò ọmọ sì ń sọ mí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán ni mo gbọ́ ohùn lójúde: "Àgò o, Mọ́mì."

Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọkọ ọmọ mi ni. Ó gbé ọmọ dání, ó fi àpò ìlédìí kọ́ èjìká, ó sì kẹ̀yìn sí ilé. Mi ò kánjú. Mo wọ bùbá, mo wọ ìborí. Ó ké àgò lẹ́ẹ̀kejì, ó ké e lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ ń ké tẹ̀ lé e.

"Àgò yà."

Ó wọlé, ojú ẹ̀ wà nílẹ̀. "A ti tú u, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo gba ọmọ. Ìka ló ń jẹ. "Ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn?"

Ó gbé ọwọ́ sókè kó wo aago.

"Ẹ má wo ọwọ́ yín. Ọmọ ni kí ẹ wò."

Mo padà sí Ìkòròdú lọ́jọ́ Ajé. Ihò ìṣó méjì ló kù lára ògiri. Ọmọ mi ní òun á fi fọ́tò bò ó. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.